Àgbàdo Tí Màámi Fọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi, mo sì ti di ara mi sínú ẹ̀wù mẹ́ta. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé obìnrin kan tó ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Helen ni kí o máa pè mí." Ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa darí ẹ̀kọ́ mi ni wọ́n, irun wọn funfun gbòò. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ kí n tó rántí pé wọn kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn níbẹ̀. Mo wá dúró sáàárín méjì, n kò kúnlẹ̀, n kò sì nàró. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn, "Ma" ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ sọ ọ́, ó sú wọn. Ẹnu tí Màámi fún mi ni mo gbé lọ, n kò rí òmíràn rà lọ́jà wọn.

Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé ni mí, lápá ọ̀nà Ìjàyè, níbi tí a ti ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti lọ kọ́ nípa kòkòrò tó ń jẹ oúnjẹ inú àká. Nígbà tí mo lọ dágbére fún olórí ẹbí wa, bàbá náà ní, "Kòkòrò? Kòkòrò tó wà lọ́dọ̀ wa níbí kò tó ọ ni, tó o fi ń lọ wá ti òyìnbó?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń wá lọ. Lọ́dún díẹ̀ ṣáájú, ilé kan ládùúgbò wa da oògùn kòkòrò sínú àgbàdo tí wọ́n tọ́jú, wọ́n sì jẹ ẹ́ nígbà tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n sin lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ọdún yẹn kan náà, àgbàdo ìrúgbìn Màámi wà lókè ààrò, kò sí oògùn kankan lára rẹ̀, kòkòrò kò sì fẹnu kàn án. Bí Màámi ṣe máa ń ṣe é nìyí: bí wọ́n bá ti kórè, wọ́n á ṣa àwọn tó yọmọ dáadáa, wọn ò ní bó háhá ara wọn, wọ́n á so wọ́n ní méjì-méjì kọ́ igi àjà ilé ìdáná. Gbogbo èéfín ọbẹ̀ tí a bá sè á máa gba ibẹ̀ kọjá. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àgbàdo náà á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ mọ ìdí tí kòkòrò kì í fi í jẹ ẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá lọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ mi lọ́hùn-ún ni pé kí n máa ka kòkòrò. Mo máa ń kó àgbàdo sínú ìgò, màá kó kòkòrò sí i, màá fi aṣọ bò ó lẹ́nu, màá sì padà wá kà wọ́n: ààyè mélòó, òkú mélòó, ihò mélòó lára hóró. Láàárọ̀ mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó ń kí ẹnì kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí awakọ̀ kú iṣẹ́ ní èdè wọn. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà, mo mú ìkíni mi sínú. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó, kí ìkíni kún ẹnu ẹni kó má rí ẹni gbà á. Nígbà tó yá, àwọn kòkòrò inú ìgò ni mò ń kí. Màá wọlé, màá ní, "Ẹ kú oúnjẹ o."

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń gbọ́ ohùn Màámi. Kò sí tẹlifóònù lábúlé wa. Wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣáṣá, sí ilé Ọ̀gá Àjàyí, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó ní tẹlifóònù ní pálọ̀. Aago mẹ́ta ni mo máa ń pè, ṣùgbọ́n láti aago méjìlá ni Màámi á ti jókòó tì í. Ìyàwó Ọ̀gá Àjàyí ló tú àṣírí fún mi pé Màámi a máa wé gèlè kí wọ́n tó gbá ọwọ́ tẹlifóònù mú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ká ní mo ronú sí ọ̀rọ̀ gèlè yẹn dáadáa ni, n bá má jẹ ìyà tí mo padà wá jẹ.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Màámi, ẹ bá mi fi àgbàdo orí ààrò yẹn ránṣẹ́."

Màámi ń pariwo, nítorí wọ́n gbà pé ibi tí mo wà jìnnà. "Àgbàdo kẹ̀? Ṣé kò sí àgbàdo lọ́hùn-ún ni?"

"Ó wà, Màámi. Tiyín ni mo fẹ́. Àwọn òyìnbó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Òyìnbó fẹ́ yẹ àgbàdo mi wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó dáa, ọkọ mi. Ojú ò ní tì ọ́."

Ọ̀gá Àjàyí bá wa gba gbogbo ìwé àṣẹ tó yẹ, àgbàdo sì dé. Màámi rán àpò aṣọ tẹ́ẹ́rú tuntun fún un. Nígbà tí mo tú u, hóró àgbàdo ń dán gbinrin, kò sí ẹyọ kan tó kán, kò sí pàǹtí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Helen bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní àwọn ò rí àgbàdo tó mọ́ tó báyìí rí. Orí mi wú. Mo ní, "Ma, ìyá mi ló ni ín."

Kòkòrò jẹ àgbàdo náà bí ẹni jẹ sààrà. Wọ́n jẹ ẹ́ yá ju èyí tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ. Mo tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹ̀fun lásán ló kù sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Helen kò bínú, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń ṣe ló ń ṣiṣẹ́, àti pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wọ́n fún mi lákòókò títí di ọdún Àjíǹde. Bí n kò bá rí nǹkan kan, kí n gbé ìwádìí náà tì, kí n bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe oògùn kòkòrò tuntun.

Oògùn kòkòrò! Èmi tí mo rí pósí kéékèèké méjì yẹn. Ìwádìí náà kì í ṣe ìwádìí lásán lójú tèmi: bí mo bá gbé e tì, ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ayé ni pé irọ́ ni Màámi ń pa láti ọjọ́ yìí, àti pé orí lásán ló ń kó àgbàdo wọn yọ lọ́dọọdún. Nígbà tí mo pè wọ́n lóṣù yẹn, wọ́n ní, "Àgbàdo mi ńkọ́?" Mo ní, "Ó ń ṣe dáadáa, Màámi." Wọ́n ní, "Alihamudulilai." Mo gbé tẹlifóònù kalẹ̀, mo sunkún.

Àṣà kan wà nínú ilé ńlá tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà níbẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n máa kọ́, á pàdé ní yàrá tíì. Ẹnì kan á dìde, á sọ nípa ìwádìí kan tó ti lọ́wọ́ sí tó ṣe ayé lóore, àwọn yòókù á sì bi í léèrè. Bàbá kan sọ bí òun ṣe ń gbọ́ ariwo tó ń ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ bọ̀. Òmíràn ní òun lè wo yìnyín orí òkè kí òun sọ ọdún tí ọ̀dá dá láyé àwọn baba ńlá wọn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Ká sọ tòótọ́, bísíkíìtì wọn ló ń gbé mi lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ó kan Ọ̀mọ̀wé Ruksana, obìnrin àgbà kan tó wá láti Bangladesh. Wọ́n ní àwọn àti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn jọ ṣiṣẹ́ lórí ọmọ tó bá ń ṣu, tó ń bì, bí ìyá ṣe lè fi omi, iyọ̀ àti ṣúgà tọ́jú rẹ̀ nílé kó tó dé ilé ìwòsàn. Wọ́n wá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀ tí kò sí níbẹ̀, láti fi hàn wá bí ó ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó.

Mo mọ ìka mẹ́ta yẹn! Nọ́ọ̀sì kan ló fi han Màámi ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Akínyẹlé, nígbà tí ojú àbúrò mi ti jìn wọnú tí kò lè sunkún mọ́. Màámi fi ṣíbí fún un lómi yẹn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, wọn ò dìde. Àbúrò mi yẹn ti ga jù mí lọ báyìí, ó ń fi mí ṣe ẹ̀sín pé mo kúrú.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo sọ ìtàn náà fún gbogbo yàrá. Nígbà tí mo parí, orúnkún mi tó ti ń tijú láti ọjọ́ tí mo dé, ó kanlẹ̀ gbì. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀mọ̀wé Ruksana, mo ní, "Ẹ ṣé, Ma. Màámi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Màámi ò mọ̀ wọ́n rí, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni mo pa. Obìnrin náà fà mí dìde, àwa méjèèjì sì ń sunkún láàárín àwọn òyìnbó tí kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ojú sí.

A jọ jókòó mu tíì lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka ẹjọ́ àgbàdo fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, omi iyọ̀ tí àwọn ìyá ń ṣe kì í rí bí a ṣe fẹ́ kó rí. Àwa jókòó sí ọ́fíìsì, à ń sọ pé wọn kò gbọ́ràn. Ìgbà tí a lọ jókòó nílé ìdáná wọn la tó rí i pé àwa ni a kò mọ bí ilé wọn ṣe rí. Ìwọ, ṣé o ti bi ìyá rẹ léèrè gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí àgbàdo yẹn?"

Mo ní, "Ma, kí ni màá tún béèrè? Inú ilé ìdáná yẹn ni mo dàgbà sí."

Wọ́n ní, "Ìdí tí o kò fi béèrè nìyẹn."

Ọjọ́ Àìkú kò tètè dé lójú mi. Bí Màámi ṣe gbé tẹlifóònù báyìí, mi ò tiẹ̀ kí wọn tán. "Màámi, àgbàdo tí ẹ fi ránṣẹ́, láti orí ààrò títí dé inú àpò, kí lẹ ṣe sí i?"

"Kí ni mo ṣe sí i? Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo bó háhá ara rẹ̀, mo yìn ín, mo fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́ ná! Ọṣẹ dúdú ni mo fi fọ̀ ọ́, omi mẹ́ta ni mo lò. Mo sá a sórí ẹní tuntun, mo jókòó tì í kí adìyẹ má baà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àbí kí n fi ẹlẹ́ẹ̀rí ránṣẹ́ sílé onílé? Kí wọ́n ní ọ̀bùn ló bí ọ?"

Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún gbé mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ka kòkòrò lórí àgbàdo tí wọ́n ti wẹ̀ bí ọmọ ìkókó! Ṣé ẹjọ́ Màámi ni? Ẹni tó ń wé gèlè gba tẹlifóònù, ṣé á fi dúdú èéfín ránṣẹ́ sí àlejò? Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo tú àpò náà tí n kò gbóòórùn èéfín kankan, tí mo rí hóró tó ń dán, tí inú mi sì ń dùn. Ẹ̀rọ tí mo ń lò ń fi irun ẹsẹ̀ kòkòrò hàn mí, n kò sì rí ọṣẹ ìyá mi.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹlẹ́ẹ̀rí ránṣẹ́."

"Láéláé! Kò ní ṣẹlẹ̀."

"Màámi, háhá ẹ̀ àti dúdú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí."

"Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. O ò ní fi mí ṣẹ̀sín."

Mo wá sọ ohun tí mo ti ń fi pa mọ́. "Màámi, kòkòrò jẹ èyí tí ẹ fọ̀. Bí ẹ ò bá fi ẹlẹ́ẹ̀rí ránṣẹ́ kí Àjíǹde tó dé, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé irọ́ lẹ pa."

Nígbà tí Màámi fèsì, wọn ò pariwo mọ́. "Ta ni mo purọ́ fún? Ó dáa. Màá fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé mo máa ń wẹ̀ o."

Nígbà tí àpò kejì dé, n kò tíì tú u tán tí èéfín ilé wa fi gba gbogbo yàrá iṣẹ́. Igi obì tó gbẹ ni Màámi sábà máa ń fi dáná; mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo gbọ́ ti irú àti epo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé àgbàdo mọ́ àyà. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fọ ara mi níbẹ̀: mo fọ ìkíni kúrò lẹ́nu, mo fọ ìkúnlẹ̀ kúrò lórúnkún, mo lérò pé ìgbà tí mo bá mọ́ tán ni wọ́n tó máa rí mi bí ẹnì kan. Mo wá rí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé ohun tí mo ń fọ̀ dànù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí wá. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kú iṣẹ́ padà. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin náà dáhùn.

Mo pín àgbàdo sí mẹ́ta: èyí tó wà nínú háhá bí Màámi ṣe sọ̀ ọ́, èyí tí mo yìn láìfọ̀, àti èyí tí mo fọ̀ fúnra mi, ó ń dùn mí bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Kí Àjíǹde tó dé, èyí tí mo fọ̀ ti di ìyẹ̀fun. Èyí tí mo yìn láìfọ̀, díẹ̀ ni wọ́n jẹ nínú rẹ̀. Inú háhá, hóró wà digbí, òkú kòkòrò ló wà nísàlẹ̀ ìgò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Helen kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Mo ti dá ìyá rẹ lẹ́bi kí n tó gbọ́ ẹjọ́ wọn," ni wọ́n wí. "Bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ọjọ́ Ẹtì tèmi náà dé. Mo sọ nípa ọmọ méjì tí a sin, mo sọ nípa àjà ilé ìdáná, mo sọ nípa ọṣẹ dúdú. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ Màámi pé àwọn máa ń wẹ̀, yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo fi àgbàdo kan ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni ìràwọ̀ gbà á, ẹni yìnyín gbà á, Ọ̀mọ̀wé Ruksana gbé e símú, wọ́n di ojú. Gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn dúdú nígbà tí a ń lọ mu tíì. Orúkọ àwọn tó ràn wá lọ́wọ́ ni gbogbo wa máa ń fi parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo kọ orúkọ Màámi sí òkè pátápátá.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ròyìn fún wọn, inú mi ń dùn. Mo ní, "Orúkọ yín ló ṣíwájú, Màámi. Á wà nínú ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ jáde náà."

"Orúkọ tèmi?" ni wọ́n wí. "Ti ìyá ọkọ mi ńkọ́?"

"Ìyá àgbà?"

"Àwọn ni wọ́n kọ́ mi nígbà tí mo wọlé ọkọ. Mo fẹ́ gbá dúdú àjà yẹn kúrò nítorí ó ń já sínú ọbẹ̀, wọ́n ní bí mo bá gbá a, ọwọ́ mi á kán, òun ló ń ṣọ́ àgbàdo. Bí o bá kọ tèmi tó o fi tiwọn sílẹ̀, olè lo sọ mí dà yẹn."

Mo sáré padà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Helen lọ́jọ́ Ajé. A fi kún un kí ìwé tó jáde: orúkọ ìyá àgbà lókè, ti Màámi tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, mo ti rí àwọn tó ka ìwé yẹn tí wọ́n sì lò ó, ní ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé. Mo dúpẹ́.

Nígbà tí mo wálé, mo mú ìwé náà dání. Ilé ìdáná ni mo bá Màámi, wọ́n ń kọ́ àgbàdo tuntun sájà. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n fi ibi tí orúkọ ìyá ọkọ àwọn wà han àwọn. Mo fi hàn wọ́n. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé dúdú èéfín tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ìka kàn án. Àmì ìka dúdú kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Màámi kígbe, "Yéè! Mo ti bà á jẹ́!" wọ́n sì ti ń fa etí ìró wọn láti fi nù ún.

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún."